Ohùn Tí Wọ́n Gbà Lóko Wa

Bí mo bá rí ẹni tó so káàdì mọ́ ọrùn bí àgbò iléyá, inú mi a máa ru. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀. Àwọn kan ti ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Olè pàápàá ń ṣiṣẹ́. Ìyá mi fúnra wọn ní kí n má tíì kọ ọ́, pé ẹni tí inú ń bí kì í mú kálámù. Mo gbọ́ràn, mo dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí inú mi rọ̀. Kò rọ̀. Ni mo bá mú kálámù.

Olùkọ́ ni mí. Ẹgbẹ́dá ni mo ń gbé, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n abúlé kan lójú ọ̀nà Ìjàyè ni wọ́n bí mi sí, ibi tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá já ọ sílẹ̀ létí ọ̀dà, ọ̀kadà ni wàá gùn wọ inú lọ, bí òjò bá sì ti rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ ni ọ̀kadà. Àgbẹ̀ ni bàbá mi níbẹ̀. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n iṣu ni wọ́n fẹ́ràn jù. Èmi ni àkọ́bí wọn. "Ìyá mi" ni wọ́n ń pè mí, nítorí wọ́n ní mo gbé ojú ìyá tó bí wọn wáyé, mo sì gbé ìbínú ìyá náà mọ́ ọn.

Bàbá mi kò kórìíra fóònù. Ohun tí wọn ò gbà ni pé ìyàtọ̀ wà láàárín fọ́tò àti fídíò. Nígbà èwe wọn, bí ayàwòrán bá ti Mọníyà dé, á ní kí ènìyàn dúró ṣánṣán, kó má ṣẹ́jú, kó má mí, títí òun á fi ṣe tán. Ẹni tó bá mira, fọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ yẹn kò kúrò lára wọn mọ́. Bí a bá ti gbé fóònù sókè báyìí, wọ́n á tún fìlà wọn ṣe, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n á sì di ère. Mo lè máa pariwo pé, "Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀, fídíò ni." Ojú nìkan ni wọ́n á fi dá mi lóhùn, pé kí n yára yà á, ọrùn ti ń ro wọ́n. Lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ mi àbíkẹ́yìn lórúkọ, gbogbo ilé ń pariwo nínú fídíò, ewúrẹ́ ń ké, ìyá mi ń ṣàdúrà, bàbá mi nìkan ló jókòó sáàárín bí ẹni tí wọ́n gbẹ́. A máa ń wò ó, a máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa.

Ọdún tó ṣáájú ikú wọn ni àwọn oníkámẹ́rà dé abúlé wa, ní àsìkò ebè kíkọ. Mẹ́rin ni wọ́n. Ọmọ Yorùbá ni olórí wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ti pẹ́ lókè òkun, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń wá ibi tó máa fẹsẹ̀ lé nínú ẹrẹ̀. Ó ní àwọn ń ṣe fíìmù nípa àwọn àgbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń wá láti Mọníyà ní òwúrọ̀ kùtù. Lọ́jọ́ kìíní, bàbá mi di ère bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọmọkùnrin náà kò kánjú. Ó fi máìkì kékeré kan tó tó èékánná sí abẹ́ bùbá wọn, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbàgbé pé nǹkan kan wà láyà àwọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ojoojúmọ́: wọ́n ń bá iṣu jà, wọ́n ń bú ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n ń bá mi ṣàwàdà.

Ohun kan wà tí bàbá mi máa ń ṣe lóko. Bí oòrùn bá kan àtàrí, tí wọ́n bá kọ ebè dé òpin poro, wọ́n á ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n á dojú kọ ahéré níbi tí ìyá mi wà, wọ́n á sì fi oríkì pè wọ́n. Kì í ṣe orúkọ, kì í sì í ṣe "ìyá" ọmọ kankan. Oríkì tí wọ́n fún ìyá mi lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn ni. Gbogbo àgbà tó máa ń fi pè wọ́n ti kú tán, bàbá mi nìkan ló kù láyé. Wọ́n á fa ọ̀rọ̀ náà gùn, á gba orí ẹ̀gẹ́ kọjá, lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Omi o." Ìyá mi á dáhùn láti ahéré, wọ́n á sì gbé kèrègbè omi dé ọ̀dọ̀ wọn. Mi ò ní kọ oríkì náà síbí. Èmi kọ́ ni mo ni í, ọmọ kì í sì í pe ìyá tó bí i bẹ́ẹ̀.

Mo wà lóko lọ́jọ́ kejì yẹn, ilé ìwé ti gba ìsinmi. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n pè é, mo rí kámẹ́rà tó dojú kọ wọ́n. Fóònù wà lọ́wọ́ èmi náà. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo ń yà? Mo ń ya kámẹ́rà kékeré tó ń fò lókè orí wa bí àwòdì, kí n lè fi han àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Nínú gbogbo àwọn tí mo ń bínú sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ ibi tí mo tò sí.

Lọ́jọ́ kẹta, olórí wọn dúpẹ́. Ó ní bí fíìmù bá ti parí, òun á gbé e wá, òun á ta aṣọ funfun síwájú mọ́sálásí, gbogbo abúlé á sì jókòó wò ó. Ìyá mi gún iyán fún wọn. Bàbá mi di iṣu sẹ́yìn ọkọ̀ wọn, wọ́n ní, "Ẹ má gbàgbé wa o." Ọmọkùnrin náà fi ọwọ́ lé àyà, ó ní ká má ṣèyọnu. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ kan tí a ò mọ̀ bá yà wọ abúlé, bàbá mi á na ọrùn wò ó.

Ìgbà tí ọdún yí po, bàbá mi kú. Ìdí ìrun Àsùbáà ni wọ́n wà. Wọ́n forí kanlẹ̀, wọn ò gbé e mọ́. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí n tó ti Ẹgbẹ́dá dé Mọníyà, kí n tó rí ọ̀kadà tó máa gbé mi wọlé, wọ́n ti kírun sí wọn lára, wọ́n ti bò wọ́n. Erùpẹ̀ tútù ni mo bá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn, bí ẹ̀sìn ṣe wí ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ìbínú kan jókòó sí mi nínú lọ́jọ́ náà, ó ń wá ẹni tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ìyá mi wọlé opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí wọn ò ní máa jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní kí n gbé fóònù mi wá, àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá wa. Mo tú inú fóònù náà títí. Àwọn àbúrò mi tú tiwọn. Fídíò ló kún ibẹ̀, ti ìkómọ, ti iléyá, ti ìgbéyàwó. Bàbá mi wà nínú gbogbo wọn, fìlà wọn dúró dáadáa, ọwọ́ wà lórí orúnkún, ẹnu wọn pa dé. Ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ pípẹ́ ni a tò kalẹ̀ níwájú opó, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá mi wò wọ́n tán, wọ́n dá fóònù náà padà fún mi.

"Àwọn oníkámẹ́rà ọjọ́sí gba ohùn wọn," wọ́n ní. "Wọ́n fi nǹkan sí wọn láyà."

Mo pe nọ́ńbà tí ọmọkùnrin yẹn fún wa. Kò lọ. Mo pè é títí ó fi sú mi. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni olùkọ́ kan fi pósítà kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ó ní, "Ṣé kì í ṣe bàbá yín nìyí?" Pósítà àjọ̀dún fíìmù àgbáyé tí wọ́n fẹ́ ṣe n'Ìbàdàn ni. Ojú bàbá mi gba gbogbo rẹ̀, òógùn ń bọ́ níwájú orí wọn. Àkọlé fíìmù náà wà lábẹ́ àgbọ̀n wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ọmọkùnrin yẹn wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tó ràn án lọ́wọ́ wà níbẹ̀, títí kan ẹni tó gbé iná. Ti bàbá mi kò sí.

Mo gbé e lọ fún ìyá mi. Mo rò pé wọ́n á sunkún, wọn ò sun ún.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ṣe é?" wọ́n bi mí.

"Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, lọ́sàn-án. Ẹ̀yin ò sì lè jáde."

"Ìwọ lè jáde. Mi ò fẹ́ àwòrán, mo mọ ojú wọn. Gba ohùn wọn wá fún mi, ibi tí wọ́n ti pè mí."

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá mi kì í sun Ìbàdàn rárá. Bí ọjà bá gbé wọn débẹ̀, wọ́n á rí i pé àwọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á ní Ìbàdàn ti kó Ìjàyè lẹ́ẹ̀kan, àwọn ò ní jẹ́ kí wọ́n ká àwọn mọ́ ojú oorun. Àwàdà lásán ni. Ogun náà ti pẹ́, àwọn tó jà á ti di erùpẹ̀, ọmọ Ìbàdàn sì ni ìyàwó àbúrò wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, nígbà tí mo ti Ẹgbẹ́dá dé Ìwó Road, tí mo wọ Míkírà tó ń lọ sí ibi àjọ̀dún náà, àwàdà yẹn ni mo ń gbọ́ létí.

Wọ́n ti ṣe ìlú lọ́ṣọ̀ọ́ fún àlejò. Aṣọ ńlá-ńlá tí wọ́n ta sókè ojú ọ̀nà ń kí wọn káàbọ̀ sí ìlú ìtàn. Bọ́ọ̀sì kan já àwọn àlejò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, Òyìnbó pọ̀ nínú wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ya òrùlé tó dípẹtà. Bí mo bá ya òrùlé ilé wa tó dípẹtà, òṣì ni. Ọmọ kan tó ń mú wọn rìn ń sọ ìtàn ogun fún wọn. Ó mẹ́nu ba ogun tí Ìbàdàn ṣẹ́ níbí, èyí tí wọ́n ṣẹ́ lọ́hùn-ún. Nígbà tó dé orí Ìjàyè, ó fò ó bí ẹni fo kòtò.

Ọmọbìnrin kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, káàdì lọ́rùn, tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé ẹ ti rẹ́jísítà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

Mo ní mi ò rẹ́jísítà. Mo na ọwọ́ sí pósítà tó ga bí ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi nìyẹn."

Ó wo pósítà, ó wò mí, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, wọ́n fẹ́ yà mí. Mo rò pé ohun tó máa jẹ́ kí n wọlé nìyẹn, mo dúró. Mo dúró bí bàbá mi ṣe máa ń dúró, mi ò ṣẹ́jú, ọwọ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mẹ́ta nínú wọn ló yà mí. Nígbà tí wọ́n yà mí tán, ọmọbìnrin náà tún wo tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ẹ má bínú mà," ó ní, "orúkọ yín kò sí nínú lísìtì."

Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ń gba ẹ̀gbẹ́ mi wọlé, kò sí ẹni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjòjì. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mo sì máa ń rò pé ìyìn ni. Mo sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́ lédè méjèèjì, mi ò sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ọmọbìnrin náà ń sọ pé, "Ẹ ṣe sùúrù mà, ẹ ṣe sùúrù mà," bí ẹni ń daṣọ bo iná.

Ẹ̀ṣọ́ àgbà kan ló gbà mí. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni, àgbélébùú kékeré wà lára kọ́là aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi nígbà tí mo yí padà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé bàbá yín ni?"

"Lóòótọ́ ni, sà. Wọ́n ti kú. Ohùn wọn ni mo wá gbọ́."

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Ẹ gba ọ̀nà tí wọ́n ń gbé omi wọlé," ó ní. "Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní omi ni."

Òtútù inú gbọ̀ngàn náà mú mi dé egungun. Mo jókòó sẹ́yìn, mo tẹ fóònù mi mọ́ àyà. Iná kú. Oko wa jáde lára ògiri, ebè wa, igi máńgòrò wa, ahéré wa. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi jáde, wọ́n tóbi ju ilé lọ. Mo rí àpá tí àdá fi sí wọn lápá, mo rí eyín kan tó ti yọ. Mo ti gbàgbé eyín yẹn. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń mí, wọ́n la ẹnu.

Ohùn Òyìnbó ló jáde.

Ohùn ọkùnrin kan ni, ó dùn, ó rọra ń bọ̀ bí ohùn ẹni tó jẹun yó. Ó gorí ohùn bàbá mi, ó jókòó. Mo ń gbọ́ ti bàbá mi lábẹ́ ẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohùn náà sọ fún wa pé àwọn àgbẹ̀ yìí ni aráyé kì í gbọ́ ohùn wọn. Ó sọ bẹ́ẹ̀, mi ò fi kún un. Bí bàbá mi bá ti fẹ́ sọ nǹkan, ohùn Òyìnbó náà á bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èébú ọ̀kẹ́rẹ́, gbogbo àwàdà wọn, ó jókòó lé e lórí. Mo ń dúró de ibi tí wọ́n ti pe ìyá mi. Mo rò pé wọn ò ní dé ibẹ̀.

Wọ́n débẹ̀. Mo rí i tí bàbá mi ju ọkọ́ sílẹ̀, tí wọ́n dojú kọ ahéré. Mo gbé fóònù sókè, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n la ẹnu, iṣan ọrùn wọn dìde, mo gbọ́ oríkì ìyá mi tó ń jáde bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ohùn náà sì ní ọkùnrin yìí ń kígbe sí ọ̀run tí kò dáhùn, pé kó rọ òjò fún òun. Wọ́n wá fi ojú ọ̀run hàn wá, ọ̀run gbígbẹ, ó pẹ́. Ìyá mi tó ń gbé kèrègbè bọ̀ láàárín ẹ̀gẹ́, wọ́n ti gé wọn kúrò. Àwọn tó jókòó síwájú mi mí kanlẹ̀ nítorí àánú. Bàbá mi ń pe ìyàwó wọn kó gbé omi wá, ìyàwó wọn dáhùn, wọ́n mu omi náà tẹ́rùn. Mo wà níbẹ̀. Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yẹn.

Ọmọkùnrin kan tó so káàdì mọ́ ọrùn ti dúró tì mí, iná tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó ní kò sí àyè láti gba fíìmù sórí fóònù, pé olè ni ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó sì pa ohun tí mo gbà rẹ́ lójú mi. Mo bi í pé ta ni oníṣẹ́. Ó ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀, àwọn ènìyàn ń wo fíìmù. Ó gbé fóònù náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní bí gbogbo ẹ̀ bá parí, wọ́n á dá a padà fún mi.

Nígbà tí iná tàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Olórí àwọn oníkámẹ́rà ọjọ́sí gun orí pèpéle, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde. Mo ti dìde kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé máìkì dé ọ̀dọ̀ mi. Olórí náà dá mi mọ̀. Ẹnu yà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ mà," ó ní, "ọmọ Bàbá nìyí o. Báwo ni Bàbá?"

"Bàbá ti kú," mo ní. "Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọn, ibojì wọn kò jìnnà sí ibi tí ẹ ti jẹ iyán."

 Ọkùnrin tó ń darí ètò sọ ọ̀rọ̀ kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí gbogbo ènìyàn dìde, kí a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan láti fi bọlá fún wọn. Wọ́n dìde, wọ́n sì dákẹ́. Ohùn ni mo wá gbà, ìdákẹ́ ni wọ́n fún mi.

Nígbà tí wọ́n jókòó, máìkì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Mo ní ìyá mi wà nínú opó, wọn ò sì ní ohùn ọkọ wọn. Mo ní mi ò bèèrè fíìmù, mi ò bèèrè ohunkóhun, ibi tí bàbá mi ti ń pe ìyàwó wọn nìkan ni kí wọ́n fún mi, bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, láìsí Òyìnbó lórí ẹ̀. Mo sì sọ pé òjò kọ́ ni wọ́n ń tọrọ.

Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní ó dun òun. Ó ní àwọn tó ń wo fíìmù lókè òkun kì í fẹ́ ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ohùn sórí ẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tí àwọn gbà lóko kò sí lọ́wọ́ òun mọ́, ọwọ́ àwọn tó gbé owó iṣẹ́ kalẹ̀ ló wà, àwọn ló ni í, kí n kọ̀wé sí wọn.

"Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù," mo ní. "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà wo la tún di ẹrú?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n gba máìkì lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, wọ́n gbé e fún obìnrin kan níwájú, ó bèèrè irú kámẹ́rà tí wọ́n lò.

Mo jáde. Mo sunkún lẹ́yìn ògiri gbọ̀ngàn náà, ẹkún ìbínú ni, ó gbóná. Bàbá ọmọ ìjọ Kérúbù yẹn gbé fóònù mi wá bá mi, ó nu ojú ẹ̀ mọ́ ṣòkòtò kó tó fi lé mi lọ́wọ́. Kò sọ nǹkan kan ju "Ẹ pẹ̀lẹ́" lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Inú Míkírà ni mo ti rántí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, mo sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá sáré pa rẹ́ kì í lọ tààrà, ó ní ibi tó máa ń sá pamọ́ sí fún ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ tó so káàdì mọ́ ọrùn yẹn kò mọ̀, tàbí kó jẹ́ pé ó ń kánjú. Mo wá a débẹ̀. Ó wà níbẹ̀, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Mo pariwo, awakọ̀ bi mí bóyá mo gbàgbé ẹrù.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo dé abúlé. Ìyá mi wà lórí ẹní nínú yàrá, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọn ò béèrè bí mo ṣe rìn, wọn ò béèrè bí fíìmù ti rí. Wọ́n na ọwọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn, mo fi fóònù lé wọn lọ́wọ́. Wọn ò wo ojú rẹ̀ rárá, etí ni wọ́n gbé e lé, bí ẹni tí wọ́n pè lórí fóònù.

Mo ń wo ojú wọn. Mo mọ ohun tí Òyìnbó yẹn ń sọ, ìyá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó parí, wọ́n ní kí n tún un tẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n dijú. Wọ́n fi ìka bo ibi kan lára fóònù náà, wọ́n ṣí i, wọ́n bo ibòmíràn, bí ìgbà tí ènìyàn ń wá ibi tí omi ti ń jò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rí i tí ètè wọn mira, tí wọ́n fẹ́ dáhùn. Wọ́n dúró. Wọ́n la ojú wò mí.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ lé wọn lórí?"

Èmi tí mo jágbe mọ́ gbogbo gbọ̀ngàn lánàá, mo rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní, "Òyìnbó kan ni, mà."

Wọ́n gbé fóònù náà padà sétí, wọ́n gbé ọwọ́ kejì sókè láti dá mi dúró.

"Sọ fún un kó dákẹ́ ná," ìyá mi ní. "Bàbá yín ń pè mí."